Gìtá Tí Mo Pọ̀n

Ẹ̀rín ni mo máa ń rín nísinsìnyí tí mo bá rántí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí débi pé itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

Ọdún tí gbogbo mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń rin apá ọ̀tún ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo wà nílé bàbá mi ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò nílẹ̀ Hausa. Abdulganiyu àbúrò mi bá àwọn àgbẹ̀ abúlé Bomo ro oko tòmátì, ó fi owó rẹ̀ ra gìtá. Bàbá wa, Àáfà Bẹ̀llò, alágbàtà aṣọ òfì, ti wí fún un pé: "Ọjọ́ tí mo bá rí pákó olókùn yẹn nínú ilé yìí, àáké ni yóò bá a sọ̀rọ̀." Bàbá kì í halẹ̀ lásán. Rédíò tí Ganiyu kọ́kọ́ ní, inú kànga ló wà títí dòní.

Orí Ganiyu dà bí agbada tí a gbé sójò: kò sí orin tí kì í gbà. Ó ń jókòó ti bàbá Hausa tó ń fa gòjé lẹ́yìn ọjà. Ó ń wo fíìmù Íńdíà, á sì gbé orin rẹ̀ wálé lẹ́nu. Adélàjà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́ ọ bí ìka ṣe ń rìn lórí okùn. Wákà ìyá wa olóògbé, èmi ni mò ń kọ ọ́ sí i létí bí mo bá ń lọ ata. Òun ni Màmá fi ń pàdé Bàbá tó bá ti ìrìn àjò dé:

*Ọlọ́jà ti dé, ẹ tẹ́ ẹní o,
Ẹni tó rìn jìnnà kò ní sùn nílẹ̀.*

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, Bàbá lọ kírun. Ganiyu fa gìtá yọ lábẹ́ ibùsùn mi, ó jókòó sí àgbàlá, ó ń ta wákà Màmá, ó fi ohùn gòjé ṣe ìdí rẹ̀. Mò ń gbè é. A gbàgbé ara wa.

"Sàláámù àlékùn!" Ohùn Bàbá lẹ́nu ọ̀nà!

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kú!" ni Ganiyu wí.

Yàrá jìnnà. Mo gba gìtá, mo gbé e sẹ́yìn, mo fi ọ̀já dì í gírígírí, mo fi ìborùn ńlá bo ọrùn rẹ̀. Àsíátù, ọmọ mi gan-an, ń sùn nínú yàrá. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Mo rò pé a ti bọ́.

Mo gbàgbé pé Jímọ̀ ni. Bí Bàbá bá ti kírun dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í jókòó kí ó tó ṣàdúrà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Hàwáù, kẹ́yìn sí mi."

"Bàbá, ó ń sùn."

"Kai! Àdúrà ló ń jí ọmọ ni?"

Mo kẹ́yìn sí i. Ganiyu lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọmọńlé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, ó sì rọra ń gbá mi lẹ́yìn, bó ti máa ń gbá Àsíátù.

Wọ̀ọ̀ọ̀ọ̀n.

Fátíhà dúró. Àfi bí ẹni pé wọ́n rán an, Àsíátù figbe ta nínú yàrá.

"Ọmọ mélòó lo bí?" ni Bàbá wí.

Ó tú ọ̀já fúnra rẹ̀. "Ganiyu, orin tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ta ló kọ́ ọ?"

"Ti... ti Màmá ni, Bàbá."

Bàbá gbé gìtá wọ yàrá rẹ̀, níbi tí àáké wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ganiyu di etí méjèèjì. Èmi di apá rẹ̀ mú, à ń retí ìró igi tó ń fọ́.

Okùn kan dún. Ó pẹ́ díẹ̀. Òmíràn dún, bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn.

"Ganiyu!" Ohùn Bàbá le koko. "Wọlé wá! Níbo ni 'ẹ tẹ́ ẹní' wà nínú nǹkan yìí?"