Ẹni tí Tíṣà ń lọ bá létídò

Bí ọkùnrin àgbà bá ṣàdédé fẹ́ràn odò, kí ìyàwó rẹ̀ yáa lajú sílẹ̀. Ohun tí aránṣọ ń wí fún ara rẹ̀ nìyẹn, bó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Tíṣà, ọkọ rẹ̀, tún ti jáde ní kùtùkùtù. Bó bá dé, bàtà rẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀, kò sì ní sọ ibi tó lọ.

Tíṣà yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ewì àwọn ará àtijọ́ kan, àwọn tí kò lè sọ pé àwọn fẹ́ obìnrin láìkọ́kọ́ kí igi, kí wọ́n kí ẹyẹ, kí wọ́n tún kí òṣùpá. Lálaalẹ́ ló máa ń ka ọ̀kan fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó á ní, "Ṣé ewé lẹni yìí fẹ́ fẹ́ ni àbí ọmọ èèyàn?" Wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò ka nǹkan kan mọ́. Bí ìyàwó bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ni á tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni ń wá eyín tó ti ká. Ibi tó yẹ kó ti ní "rárá", á ní "ẹn-ẹ́n".

Àbúrò aránṣọ, onídìrí, ló wá bu epo síná. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọkùnrin tó bá ń wo òdòdó, ó lẹ́ni tó fẹ́ já a fún. Ẹ tẹ̀ lé e ná."

Ó tẹ̀ lé e. Ó yọ́ gba ẹ̀yìn ilé ìlagi, ó ń to èébú jọ bó ti ń lọ, èyí tí yóò ṣíwájú àti èyí tí yóò kẹ́yìn. Owú ń jẹ ẹ́, ojú sì ń tì í, àgbàlagbà tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn igi.

Létídò, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ nìkan ló rí. Ó jókòó sórí òkúta, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bó ti máa ń sọ ọ́ nígbà tó ń wá fẹ́ ìyàwó sílé.

"Dákun, bá mi sọ̀rọ̀. Díẹ̀ péré. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Aránṣọ kò dúró gbọ́ èsì. "Ìwọ yìí," ló fi bẹ̀rẹ̀, òun tí kì í pe ọkọ rẹ̀ ní nǹkan mìíràn ju "ẹ̀yin" lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Aláìnítìjú. Arúgbó ẹlẹ́tàn. Kó pe obìnrin tó fi pamọ́ náà jáde kí àwọn rí ara àwọn. Ó pariwo débi pé àwọn ẹyẹ orí igi fò lọ.

Tíṣà kò wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀. Omi nìkan ló wà níbẹ̀, tó ń hó lórí òkúta. Ó tún tẹ orí sí i. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Ó wá yé aránṣọ. Gbogbo "ẹn-ẹ́n" tó ń sọ níbi tí kò yẹ, gbogbo bó ṣe ń tẹjú mọ́ òun lẹ́nu. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, ó sì kórìíra ahọ́n ara rẹ̀. Ó lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Tíṣà ta gìrì.

"Ó ti pẹ́ tí o ti dé?"

Aránṣọ yí sí iwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Kí ni omi yìí ń wí, ìyàwó mi? Mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Ó jókòó tì í. Òun tó ti fi akéwì ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó tẹ́tí sí omi.

"Ó ní kí ẹ dìde ká máa lọ sílé. Ó ní láti òní lọ, èmi ni n ó máa ka ewì, kí ẹ̀yin máa wo ẹnu mi."