Ilé tí Ṣíjúadé Fún Ìyàwó Rẹ̀

Ṣíjúadé Olúbọ̀wálé kọ̀ láti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lórí ilé tí ó kọ́ sí Ṣógúnlé.

Agbẹjọ́rò rẹ̀, Ọmọ́bọ́lájí, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ ọ́, ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ire-Akari. Ṣíjúadé àti Tóyìn, ìyàwó rẹ̀, kò bímọ. Ìdána nìkan ni wọ́n ṣe. Wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kọ́ọ̀tù. Bí ọkọ bá kú láìṣe ètò, àwọn àbúrò rẹ̀ ni yóò jogún ilé, nítorí pé lábẹ́ àṣà, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ṣíjúadé fẹ́ kí ilé náà jẹ́ ti Tóyìn.

“Ọ̀nà méjì ló wà, sà,” ni Ọmọ́bọ́lájí wí. “Ẹ lè kọ ìwé ogún. Kò ní ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi kú, kọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. Tàbí kí ẹ fa ilé lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́ nísinsìnyí, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ fún ìyàwó yín. Ẹ̀yin àti màámi á máa gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa pín, torí kò sí lórúkọ yín mọ́.”

“Kí n wá di àlejò nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi bu iyanrìn rẹ̀?”

“Ẹ ò ní di àlejò, sà.”

“Lọ́yà, mi ò tíì kú o. Bí ó bá ń wù ọ́ láti pín ogún alààyè, lọ pín ti bàbá rẹ. Kọ ìwé ogún fún mi jàre.”

Ọmọ́bọ́lájí rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́. Ó ní kí Ṣíjúadé wá fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì òun, lójú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní gba ohunkóhun nínú rẹ̀. Ṣíjúadé mú ìwé náà lọ sílé.

Ní ìlú àwọn òbí rẹ̀, ẹni tí a bá fún ní ilẹ̀ ní láti wà níbẹ̀, kí ó kúnlẹ̀, kí ó gbà á, kí ó sì dúpẹ́ lójú ẹlòmíràn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè sọ pé a kò fún un. Ṣíjúadé pe Gàfárù, aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń tún fíríìjì ṣe. Tóyìn kúnlẹ̀, ó sì dúpẹ́.

“Àǹtí Tóyìn, láǹlọ́ọ̀dì wa tuntun!” ni Gàfárù wí. “Ẹ má gbàgbé wa o.”

“Ìwọ tí o tún fíríìjì mi ṣe tí kò tutù mọ́? Màá rántí ẹ dáadáa.”

Ṣíjúadé fọwọ́ sí i. Gàfárù fọwọ́ sí i. Ṣíjúadé wá na bírò sí ìyàwó rẹ̀.

“Ṣé Lọ́yà ò ní kí ẹlòmíràn fọwọ́ sí i ni?” ni Tóyìn bi í.

“Lọ́yà ò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ìwọ lo gbà á. Bí o ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní mi ò fún ọ.”

Tóyìn fọwọ́ sí àyè ẹlẹ́rìí kejì. Ṣíjúadé lẹ àpò ìwé náà pa, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù fún ìpamọ́.

Nígbà tí ó kú, wọ́n ṣí i lójú Tóyìn, Ọmọ́bọ́lájí, àti Babáṣọlá, àbúrò olóògbé. Ọmọ́bọ́lájí wo ojú ewé ìkẹyìn.

“Màámi, ta ló ní kí ẹ fọwọ́ sí i?”

“Ọkọ mi ni.”

“Òfin kò gbà kí ẹlẹ́rìí jogún nínú ìwé tí ó jẹ́rìí sí. Ìwé náà dúró. Ẹ̀bùn yín ni kò dúró.”

“Gàfárù wà níbẹ̀. Ó lè sọ fún wọn pé ọkọ mi fún mi.”

“Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn ò fún yín, mà.”

Tóyìn yíjú sí Babáṣọlá. “Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó fẹ́.”

“Mo mọ̀ ọ́n, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kí o fọwọ́ sí i.”

Babáṣọlá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jogún ilé náà, wọ́n sì tà á. Tóyìn kó lọ sí yàrá kan ní Mafoluku.