Ẹsẹ̀ Kẹrin Ajá Igbó

"Mẹ́ta ni mo wí!"

"Mẹ́rin ni, Verle! Ojú ẹ ti ń ṣe bàìbàì látọjọ́ yẹn!"

"Ojú tèmi? Èmi tí mò ń yìnbọn ba páálí láti ẹgbẹ̀rún yáàdì?"

"Páálí ò ní ẹsẹ̀, páálí kì í sáré."

Ajá igbó kan ni wọ́n ń jà lé lórí, èyí tó sá kọjá níwájú ọkọ̀ wọn lọ́dún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ajá ọ̀hún ti kú, ó ti jẹrà, àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ pàápàá á ti kú. Ṣùgbọ́n nínú gáréèjì Verle Stenerud, ní Montana níbí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì sinmi.

Dwight Kolstad, àbúrò ìyàwó Verle, kọfí lásán ló wá mu. Verle ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Látìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ló ti ń wá ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìbọn Tressa, ọmọ ẹ̀ obìnrin, máa gbà. Á bu díẹ̀ sínú ìkarahun idẹ, á yìn ín márùn-ún, á lọ wo ihò lára páálí. Á tún fi hóró bíi mélòó kan kún un, á yin márùn-ún mìíràn. Ìbọn dà bí aboyún, ohun tó bá wù ú nìkan ló ń jẹ. Oṣù tó kọjá ni ihò márààrún tó wọnú ara wọn bí ojú bọ́tìnì, ni Verle bá jó yí gáréèjì ká. Ọ̀la ni ìdíje ìbọn yíyìn tí Tressa fẹ́ lọ. Àádọ́ta ọta ló ń dì fún Tressa, ọmọ náà ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án.

"Wò ó," ni Dwight bá dìde. Agolo ẹ̀tù kan wà lórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó kó mẹ́ta kún un, ó tò wọ́n, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. "Ajá rèé. Ẹsẹ̀ rèé. Ó kàn ká ọ̀kan sókè ni."

"Ó ká a lọ síbo? Sínú àpò?" Verle já agolo kan gbà kúrò níbẹ̀. "Mẹ́ta! Bó ṣe dúró nìyẹn!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Ẹnu Verle ń jà, ọwọ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ń da ẹ̀tù, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń fi orí ọta dé e, kò sì gbé ojú kúrò lára Dwight. Ìgbà tó di àádọ́ta, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ oyè, ó na ọwọ́ láti dé agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n.

Ó rí àmì pupa lára ẹ̀, àmì tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kùn.

Ẹ̀tù ìbọn pélébé nìyẹn, èyí tó ń jó wàràwàrà. Tó bá wọnú ìbọn gígùn, ìbọn á bẹ́, irin ẹ̀yìn ẹ̀ á fò padà sójú ẹni tó fara tì í. Ojú Tressa.

Àbí kò dà á? Àbí ó kàn gbé e síbẹ̀ ni? Ó mú ọta kan, ó mì ín létí.

"Kí ló ń sọ?" Dwight béèrè. "Ṣé ó ń kí mi?"

Verle ò rẹ́rìn-ín. Kó tún ọta wọ̀n ò wúlò, torí òṣùwọ̀n kì í béèrè orúkọ, ìwọ̀n nìkan ló mọ̀. "Dwight, agolo tí mo já gbà lọ́wọ́ ẹ, ṣé mo da ẹ̀tù látinú ẹ̀ sínú ọta?"

"Agolo wo? Ṣebí mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀?"

"Má bá mi ṣeré."

"Ẹsẹ̀ kẹrin ò sí, o ní. Báwo ni màá ṣe mọ ohun tí o fi ohun tí kò sí ṣe?" Dwight rọra mu kọfí ẹ̀. "Kọ́kọ́ sọ pé mẹ́rin ni."

Táyà ń rún òkúta wẹ́wẹ́ níta. Ọkọ̀ Tressa ni. Òógùn bo Verle, bẹ́ẹ̀ òtútù lè di omi inú kọ́ọ̀bù ní gáréèjì náà.

"Dwight, ojú ọmọ mi ni!"

Ẹ̀rín kú lójú Dwight.

"Mẹ́rin ni," Verle wí. Ó jáde lẹ́nu ẹ̀ bí eyín tí wọ́n fà. "Mẹ́rin! Ṣé mo dà á?"

"O dà á. Ó pọ̀ dáadáa. Mo rí ẹ. Mo rò pé o mọ nǹkan tí ò ń ṣe ni!"

Tressa wọlé bá bàbá ẹ̀ lórí eékún. Verle ti ki ọta tó dì kẹ́yìn sínú òòlù oníhò tí wọ́n fi ń tú ọta, ó ń gbá a mọ́lẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, orí ọta já, ẹ̀tù dà sórí ìwé. Ẹ̀tù Tressa máa ń rí bí igi ìṣáná kéékèèké. Eléyìí rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja.

Tressa wo ìwé náà, ó wo agolo mẹ́ta tó ṣì tò bí ajá, ó wá wo ògiri, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: AGOLO KAN ṢOṢO LÓRÍ TÁBÌLÌ.

"Dádì, ta ló kọ ìyẹn?"

"Èmi ni."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ajá igbó kan ni..."

"Ẹ bọ́ síta."

"Tressa, gáréèjì mi rèé."

"Ojú mi nìyí. Ẹ bọ́ síta, Dádì. Àǹkù Dwight, ẹ kó agolo yín padà sórí pẹpẹ, kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́. Àádọ́ta la máa tú, àádọ́ta la máa tún dì."

Verle jáde. Ó dúró nínú afẹ́fẹ́, ó ń gbọ́ òòlù tó ń dún nínú gáréèjì, ó ń kà á. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin.

Gunnar, ajá ẹ̀ arúgbó, rìn kọjá lọ sídìí táyà ọkọ̀ Tressa, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀.

Verle wò ó. Ó ka ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ó tún un kà.

Ó sáré lọ kan fèrèsé gáréèjì gbàgbàgbà, ó nàka sí ajá. "Dwight! Wá kà á! Ṣé o rí i? Mẹ́ta!"

Tressa fa aṣọ fèrèsé bò ó lójú.

"Wọn ò lè wò ó," Verle wí fún Gunnar. "Òótọ́ ń tì wọ́n lójú." Ó na àyà síwájú, ó kọjá lọ sínú ilé.