Kí Ló Wà Níbẹ̀ Báyìí?

Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Wendell Stroebel ní ìlú Fort Lydell, kí Ọlọ́run ràn yín lọ́wọ́. Yóò kọ́kọ́ tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà yóò na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ síwájú, á ní kí ẹ máa lọ títí ẹ ó fi dé ilé ìpọntí Hempel, kí ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi sinimá Majestic, kí ẹ wá sọdá níwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Àlàyé náà kò lábùkù kankan, àfi pé wọ́n ti wó ilé ìpọntí kí wọ́n tó bí yín, sinimá ti jóná, rélùwéè kò sì dúró ní Fort Lydell mọ́ láti ìgbà tí Wendell ṣì ní irun lórí.

Tíṣà ìtàn ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí òun ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ilé Àtijọ́, ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ lè jókòó yí tábìlì oúnjẹ kan ká, ṣùgbọ́n tó ní ààrẹ, igbákejì ààrẹ méjì, àti alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí fèrèsé. Verna, ìyàwó rẹ̀, ni igbákejì kejì. Kò díje o. Ó lọ bu kọfí wá ni, kó tó padà dé wọ́n ti yàn án.

Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú ọkọ̀, Wendell á máa nawọ́ jáde lójú fèrèsé.

"Ibẹ̀ yẹn ni báńkì Merchants wà. Òkúta funfun látòkè délẹ̀!"

"Ó dáa," Verna á dáhùn. "Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Kí nìyẹn já mọ́?"

"Búrẹ́dì ni mo fẹ́ rà, Wendell. Mi ò lè rà á ní báńkì tó ti wó."

Ilé tí wọ́n ń gbé náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kan tó ń ta awọ màlúù ló kọ́ ọ, nígbà tí àdúgbò náà ṣì ń jẹ́ Títì Tannery. Nígbà tó yá ìjọba yí orúkọ títì náà padà sí Delano, wọ́n sì tún gbogbo nọ́ńbà ilé kà. Wendell kò gbà. Ó tú nọ́ńbà ìjọba kúrò lára ògiri, ó ní ó ń ba ojú ilé jẹ́, ó wá kan nọ́ńbà àkọ́kọ́, tí wọ́n fi idẹ ṣe, mọ́ ọn: 14. Ìyẹn náà ló tẹ̀ sórí bébà ìkọ̀wé rẹ̀. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ní ìlú ti fara mọ́ ọn bí èèyàn ṣe ń fara mọ́ eyín tó ń dùn ún. Nígbà tí àwọn kan sì ń kọ́ ilé tuntun fún àwọn olówó lẹ́yìn ọ̀nà márosẹ̀, nínú ohun tó jẹ́ oko àgbàdo tẹ́lẹ̀, Wendell bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ títì kan níbẹ̀ ní Tannery, kí orúkọ náà má baà kú. Wọ́n gbà, kò ná wọn ní nǹkan kan. Wendell fúnra rẹ̀ ló gé ríbọ́ọ̀nù. Àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn, ó sì fi gíláàsì bò ó.

Ohun méjì ló kórìíra ní Fort Lydell. Èkíní ni ilé ìwòsàn ńlá àárín ìlú, nítorí wọ́n wó Gbọ̀ngàn Hollister kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ó so aṣọ dúdú mọ́ apá bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó dúró ní òdìkejì títì títí ayẹyẹ fi parí. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń kọjá níbẹ̀, ọ̀tún ló ń kọjú sí. Èkejì ni taya pupa gàgàrà tí ń yí lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù Duane Kolb, ní igun títì tirẹ̀ gan-an, lórí ilẹ̀ tí ilé ìpọntí Hempel wà nígbà kan. Wendell ló kọ́ Duane ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama, òun náà ló fún un ní òdo.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o!" Duane máa ń kígbe. "Ẹ ò kí taya mi?"

"Taya wo? Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ ò rí i? Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfúrufú ń jùwọ́ sí i!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọjọ́ tí àwọn àlejò ń wá wo ilé àtijọ́ ku ọ̀la, Wendell dúró níta, ó ń fi òwú nu 14 rẹ̀ kó lè máa dán. Verna wà nínú kíṣìnì, ó ń gé ẹyin sísè sí méjì-méjì fún àwọn àlejò. Wendell gbọ́ ìró àwo tó fọ́.

"Verna! Ṣé kì í ṣe àwo ìyá mi nìyẹn?"

Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó wọlé, ó bá Verna nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti sítóòfù, òógùn bò ó, ó fọwọ́ di àyà mú.

"Ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà," ó ní. "Kì í sì í ṣe ẹni tín-ín-rín."

Wendell fò mọ́ tẹlifóònù ara ògiri. Ohùn ọmọbìnrin kan nílé iṣẹ́ pàjáwìrì dá a lóhùn.

"Ìyàwó mi! Àyà rẹ̀ ni!"

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Ilé wo lẹ wà?"

"Mẹ́rìnlá, Tannery."

"Mo ti rí i. Ọkọ̀ ti gbéra. Ẹ má gbé fóònù kalẹ̀, kí ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀."

Ó ṣí i. Ó kúnlẹ̀ ti Verna, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù. Fèrè ọkọ̀ ilé ìwòsàn dún lókèèrè, ara sì tù ú. Ó ń gbọ́ ọ bọ̀. Ó gbọ́ ọ tó kọjá. Ó gbọ́ ọ tó ń jìnnà lọ, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi èémí ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe ségesège.

Ohùn náà tún dún nínú fóònù. "Sà? Àwọn èèyàn wa wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Obìnrin kan tó gbé ajá dání ló yọjú, ó ní ara òun le koko."

"Ẹnu ọ̀nà wo?"

"Mẹ́rìnlá, Tannery. Níbi àwọn ilé tuntun, lẹ́yìn márosẹ̀."

Wendell rí sísọ́ọ̀sì. Ó rí ríbọ́ọ̀nù. Ó rí ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ gíláàsì.

"Kì í ṣe ibẹ̀! Èmi ni mo sọ ìyẹn lórúkọ! Tannery tòótọ́ ni mo wà!"

"Tannery kan ṣoṣo ló wà ní Fort Lydell, sà."

"Irọ́ ni! Nígbà tí ìjọba ìlú—" Verna kérora. Ẹ̀kọ́ ìtàn náà kú sí i lẹ́nu. "Delano," ó ní. Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ náà kẹ́yìn, ó sì korò bí egbòogi.

"Ẹ ṣeun. Nọ́ńbà wo ní Delano?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ó wá a nínú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó jò. Méjì wà níbẹ̀, bóyá mẹ́jọ. Verna ló ń san owó iná, Verna ló ń san ti omi.

"Verna, nọ́ńbà wa! Nọ́ńbà ilé wa!"

Ètè Verna mì. Ohùn kankan kò jáde.

"Sà, Delano gùn láti etí odò dé márosẹ̀. Kí ló wà nítòsí yín?"

"Ilé ìpọntí Hempel!"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Sinimá Majestic! Ṣọ́ọ̀bù Voss tó ń ta fìlà! Ọlọ́run mi, ta ni kò mọ Voss?"

"Sà." Ohùn ọmọbìnrin náà ti ń gbọ̀n. "Ẹ jọ̀ọ́. Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?"

Wendell la ẹnu. Ojú Verna wà lára rẹ̀, ó ń wò ó. Ojoojúmọ́ ni Wendell ń rin títì yẹn, ó sì lè sọ irú òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára ilẹ̀kùn Hempel àti àwọ̀ ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ọtí rẹ̀. Ó wá ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, òfìfo ló bá.

Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sáré jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó dúró láàárín títì, ó sì wò ó, bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ilé ìfọṣọ kan wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè. Lókè gbogbo rẹ̀, pupa fòò, tó ga ju igi lọ, ohun kan ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Duane!" ó ké. Ohùn rẹ̀ já. "Duane! Verna ń kú lọ!"

Kò dúró de ìdáhùn. Ó ti padà sínú ilé, ó ti gbá fóònù mú.

"Taya! Taya pupa ńlá kan wà lórí òrùlé!"

"Taya Kolb? Háà, sà! Ẹ ò ṣe tètè sọ? Ta ni ò mọ taya Kolb?"

Nígbà tí ọkọ̀ náà máa fi yọ, Duane Kolb ti dúró láàárín títì, ó gbé odindi taya kan lé orí, ó ń jó sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n má baà kọjá ilé. Wọ́n gbé Verna jáde lábẹ́ nọ́ńbà idẹ tó ń dán. Ẹnikẹ́ni kò wò ó.

"Ẹ bá wọn wọ ọkọ̀, Tíṣà," Duane ní. "Mo máa bá yín tilẹ̀kùn."

Ọkùnrin tó tọ́jú Verna fi ìbòmú bò ó nímú, ó fi abẹ́rẹ́ gún un lápá, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. "Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn."

Wendell wo ojú fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ti gbẹ lẹ́nu ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ títí àlejò á fi máa wo aago.

"Ilé ìfọṣọ ni, Verna," ó ní. "Obìnrin kan jókòó síta níbẹ̀, ó ń jẹ áìsìkirímù. Taya Duane nìyẹn. Ó ti ń kéré lọ. Ibẹ̀ yẹn ni Majes... rárá. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Ọkọ̀ funfun kan wà níbẹ̀, ẹnì kan gbàgbé iná rẹ̀ ní títàn. Ilé búrẹ́dì nìyí. Verna, ilé búrẹ́dì wà níbí! O mọ̀ ọ́n? O ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àbí?"

Ojú Verna ń pa dé.

"Béèrè lọ́wọ́ mi," ó ní. "Verna, jọ̀ọ́, bi mí bó o ṣe máa ń bi mí."

Kò bi í. Ọkọ̀ náà yà gìrì, ó dúró, wọ́n sì ti ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ògiri gíga kan wà níwájú wọn, ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀, àwọn tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ń sáré bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Wendell kò kọjú sọ́tùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ìyàwó rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn ni," ó ní. "Ilé ìwòsàn ló wà níbẹ̀ báyìí, Verna. Ó tóbi. Gbogbo iná rẹ̀ ló tàn."

Ìka kan mì nínú ọwọ́ rẹ̀, tàbí ó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fà. Kò mọ èwo. Ó dìde, ó ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń sọ gbogbo ohun tó ń rí fún un, ilẹ̀kùn, àga, aago ara ògiri, títí tí ẹnì kan fi na ọwọ́ dá a dúró.