Àwọn Ilà Ara Táǹkì Ìyá Agbẹ̀bí

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni mo ń rò.

Lọ́yà ló gbé alùpùpù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá rẹ̀ ló ni ín. Agbẹ̀bí ni ìyá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, alùpùpù yẹn ni wọ́n sì fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gùn lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún tí mọ́tò kò lè dé ilé wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú irú rẹ̀ kò lè kún àgbàlá kan.

"Màámi wà lọ́dọ̀ àbúrò mi, wọ́n ń tọ́jú ojú wọn méjèèjì," lọ́yà wí. "Ṣe é kó dà bíi tuntun, kí wọ́n fi ojú tuntun rí ohun tuntun. Lẹ́yìn náà, mo máa gbé e lọ síbi àfihàn àwọn ọkọ̀ àtijọ́."

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi nínú. Mo tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, mo fọ̀ ọ́ nídìí lórí. Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, mo fi idẹ gbẹ́ ẹ fúnra mi. Ìgbà tí mo dé orí táǹkì epo ni mo rí àwọn ilà kéékèèké tí wọ́n fi ìṣó fà, tí wọ́n tò tẹ̀léra bí eyín àgbàdo. Àwọn kan ní òbírí roboto lórí. Mo pe lọ́yà lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ilà wà lára táǹkì yìí o. Kí ni kí n ṣe sí i?"

"Iṣẹ́ ọmọ ìpáta ni. Pa á rẹ́."

Ọkàn mi kò gbà á. Ọmọ ìpáta wo ló ní sùúrù tó báyẹn? Ṣùgbọ́n n kò bi í mọ́. Mo fi bébà oníyanrìn ha á, mo fi àtè dí àwọn tó jìn, mo wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún títí ó fi ń dán bíi dígí.

Lọ́jọ́ tí Ìyá dé, lọ́yà fa aṣọ kúrò lórí alùpùpù náà níwájú wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ kan ìjókòó, wọ́n fọwọ́ kan iná iwájú. Nígbà tí ọwọ́ wọn dé orí táǹkì, wọ́n dúró. Wọ́n ń fọwọ́ wá a kiri, bí agbẹ̀bí ṣe ń wá orí ọmọ nínú oyún.

"Àwọn ọmọ mi dà?"

"Ọmọ wo, Màámi?"

"Mo ní àwọn ọmọ mi dà! Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ọmọ! Gbogbo èyí tí mo bá gbẹ̀bí rẹ̀, mo máa ń fa ilà kan fún un kí n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Èyí tí kò bá yè, mo máa ń yí òbírí lé tirẹ̀ lórí. Àwọn yẹn kò ní orúkọ, kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́. Ilà yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí pé wọ́n wá sáyé. Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀bùn ni, Màámi. Mo fẹ́ kó rẹwà ni."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ó burẹ́wà?"

"Ẹ ò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa rí."

"Ṣé o bi mí ni? Láti kékeré lo ti ń rí i! Lọ́yà tó ń da ìbéèrè bo gbogbo ayé ní kóòtù, kò rí ẹyọ kan bi ìyá rẹ̀!" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ mẹkáníìkì ńkọ́? Èmi ni wọ́n tọ́jú ojú fún, àbí ìwọ ló yẹ kí wọ́n tọ́jú?"

Mo mú aṣọ náà, mo fi bo alùpùpù padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá nìkan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Bó ọ̀dà yẹn," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Mo da oògùn tó ń bó ọ̀dà sí i, ọ̀dà náà ń wú, mo ń ha á. Orí ìyẹn ni lọ́yà bá wa.

"Ṣé orí rẹ pé? Sátidé ni àfihàn!"

"Gbé ara rẹ lọ fi hàn níbẹ̀," Ìyá dá a lóhùn.

Mo yọ àtè kúrò díẹ̀díẹ̀. Ilà mẹ́rìndínláàádọ́ta péré ló jáde. Òbírí kan kò sí nínú wọn. Ọwọ́ fẹ́lẹ́ ni Ìyá fi ń yí wọn, bébà mi sì ti kó gbogbo wọn lọ. Ìyá kò sunkún o. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì mi tó bẹ́ẹ̀ tí sípánà fi fọ́n ká ilẹ̀, wọ́n sì jáde. Lọ́yà ṣa àwọn sípánà náà fún mi, kò lè wò mí lójú.

Oṣù méjì gbáko ni Ìyá kò fi gba ìpè rẹ̀. Tó bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń so táǹkì náà padà ní àgbàlá wọn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kùn ún, nígbà tí lọ́yà wọlé pẹ̀lú ìwé ńlá kan.

"Màámi, mo wá bi yín ni. Ẹ sọ wọ́n fún mi kí n kọ wọ́n sílẹ̀. Kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kò yè."

Ìyá wò ó títí. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Jókòó. Ìyàwó káfíńtà tó ń gbé lẹ́yìn afárá. Ọmọbìnrin ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn mí lẹ́ẹ̀mẹta péré. Kọ ọ́ kó ṣeé kà! Ìkọ̀wé rẹ ò dáa láti ilé ìwé."

Títí ilẹ̀ fi ṣú, mẹ́sàn-án ni wọ́n rántí. Ìyá dìde, ojú wọn ṣì le koko.

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la. Bí o bá pẹ́, má wulẹ̀ wá."