Oníbàárà Tí Kì Í Ra Àga

«Láti ọjọ́ tí mo ti wọ bàtà ológun títí di ọjọ́ tí wọ́n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi, n kò fi ẹnìkejì mi sílẹ̀ rí!»

Bí Sójà ṣe máa ń pariwo nìyẹn láàárín ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, sáńdípépà lọ́wọ́, tí ìyẹ̀fun igi ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun. Ó ní òun pọn ọkùnrin tó fara gbọta sẹ́yìn, òun sì gbé e la odò kọjá, nígbà tí àfọ́kù bọ́ǹbù wà nínú ìbàdí òun fúnra òun.

Oníayùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa ń fi ẹ̀rọ la pákó, á kọ́kọ́ paná ẹ̀rọ kó tó dá a lóhùn, torí etí òsì Sójà ti di pátápátá.

«Ẹni tó o pọ̀n yẹn, ṣé ó sanra?»

«Ó sanra jù ẹ́ lọ!»

«Á jẹ́ pé òun ló sọ ẹ́ di atiro. Má purọ́ mọ́ bọ́ǹbù mọ́.»

Tìtorí etí àti ìbàdí yẹn ni ìjọba fi ń san owó aláàbọ̀ ara fún Sójà lóṣooṣù. Owó ọ̀hún ló fi ń sanwó ilé, tó bá sì ti san án tán, ikùn kì í rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá fi sáńdípépà ha àga lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú gbangba pé ọjọ́ tí ìjọba bá gbọ́ pé òun ń ṣiṣẹ́, owó oṣooṣù parí nìyẹn, òun àtìyàwó òun á dèrò títì. Nítorí náà, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé òṣìṣẹ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ń sanwó fún un.

Bí orí àlejò bá sì yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, Sójà á ju sáńdípépà sábẹ́ tábìlì, á fìdí lé àga kan, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ní, «Èló lẹ máa gbà gan-an?» Ọ̀gá á ní, «Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀.» Oṣù mẹ́jọ gbáko ló ti ń ná àga kan ṣoṣo. Ìyá kan tó bá a lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta káàánú rẹ̀ débi pé ó tú pọ́ọ̀sì: «Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín fi díẹ̀ kún un.» Lọ́jọ́ náà, Oníayùn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ jẹun ọ̀sán, Ọ̀gá mú sípánà, ó tú irin tó máa ń bo ẹnu ayùn kúrò. Sójà nìkan ló wà níjòókòó. «Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn,» Ọ̀gá wí. Sójà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ayùn mú ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún Oníayùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe, Sójà ti fa ẹ̀wù ara rẹ̀ ya, ó ti di ọrùn ọwọ́ náà pinpin bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lójú ogun. Ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáyà, ó ń sọ pé, «Wò mí. Ojú mi ni kó o máa wò.» Àfìgbà tí ariwo ọkọ̀ ilé ìwòsàn dún ládùúgbò. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Kílẹ̀ tó ṣú, irin ti padà sẹ́nu ayùn.

Níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó fara pa níbi iṣẹ́, Ọ̀gá ní Oníayùn ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú irin náà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Oníayùn kò ní gba owó kankan nítorí ìka rẹ̀. Oníayùn ní, «Ẹ pe Sójà. Òun nìkan la fi sílẹ̀ lọ jẹun lọ́jọ́ tí irin yẹn kúrò.» Wọ́n ṣí ìwé òṣìṣẹ́, wọn ò rí Sójà kankan. Síbẹ̀, wọ́n rán ọkùnrin méjì lọ bá a nílé.

«Ẹ káàsán, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà.»

«Èmi? Aláàbọ̀ ara ni mí. Mo kàn ń ná àga níbẹ̀ ni.»

«Ṣé ẹ padà rà á?»

«Ó wọ́n.»

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ. Ìyàwó Sójà ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó tú u, ó tún un ká.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọ́fíìsì tó ń san owó aláàbọ̀ ara pe Sójà fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Akọ̀wé, ọmọbìnrin kan tí kò gbójú sókè, bi í pé, «Bàbá, ṣé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́?»

Oorun ò kun Sójà láti oṣù kan yẹn. Ó lu tábìlì gbàmù. «Mò ń ṣe é! Ẹ gba owó yín! Ẹ lé mi sí títì! Mo rí i, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe tú irin yẹn!»

«Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀?»

«Mẹ́ta.»

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. «Ó dáa. Ẹ fọwọ́ síbí.»

«Owó mi ńkọ́?»

«Kí ló ṣe é? Ohun tí ogun gbà lára yín la ń sanwó ẹ̀. Ẹ ṣiṣẹ́ títí á fi sú yín. Ẹni tó kàn!»

Sójà kò dúró wọkọ̀. Ó tiro dé ilé Oníayùn, òógùn bò ó. Oníayùn jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

«Dìde ká lọ,» Sójà wí. «Màá sọ gbogbo ẹ̀. Wọn ò lè gba owó mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn ò ti lè gbà á!»

«Wọ́n ti dájọ́ níjọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti fọwọ́ sí i,» Oníayùn wí. «Ọwọ́ òsì. Ó rí wúruwùru.»

Sójà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Oníayùn wò ó pẹ́.

«Ta ló tiẹ̀ sọ fún ẹ pé wọ́n á gba owó ẹ?»

«Ìwọ ni.»

«Èmi?»

«Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. O ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ, sójà bíi tèmi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdẹ, kò sì tó oṣù méjì tí wọ́n fi dá owó ẹ̀ dúró.»

Oníayùn yíjú sí ìyàwó rẹ̀. «Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?»

«Oṣù tí wọ́n dá owó yẹn dúró gan-an ló kú,» obìnrin náà wí.