Òjò Méjìdínlógójì ti Ìkòyí-Ilé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òjò tó rọ̀ ní Ìkòyí-Ilé lóṣù kẹta gbé àgùntàn mẹ́ta lọ, tó sì gbé mọ́tò akóyanrìn kan gun orí igi, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Irọ́ ni. Òjò yẹn ò tó èyí tí èèyàn fi ń ṣan ẹsẹ̀.

Gbádégẹṣin lorúkọ mi. Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ oko ló gbé mi dé Ìkòyí-Ilé. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù tírì kí ìwé tó sá fún mi. Olúwatómisìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni ìwé ò sá fún. Àdúgbò Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ló ń gbé, ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Òun ló ri ike kan mọ́lẹ̀ lóko mi, ike gígùn tí wọ́n fa ìlà sí lára bíi rúlà, ó ní kí n máa ka iye òjò tó bá wọ inú ẹ̀ láràárọ̀, kí n fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù.

"Bọ̀ọ̀dá Gbádé, mìlímítà lẹ máa kà o. Ẹ má fi tiyín kún un."

"Tèmi wo? Èmi tí mi ò lè purọ́ fún eèrà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Akínkúnmi ló dá wàhálà sílẹ̀. Tíṣà ni l'Ọ́yọ̀ọ́, a jọ ń ṣeré láti kékeré ni, Tómisìn sì ri ike tiẹ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn, ó ti kọ ọ́ sórí wásáàpù níbi tí gbogbo àwa tó ń ka òjò ti máa rí i: "Ọ̀yọ́, mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ìkòyí ńkọ́? Àbí ẹnì kan kàn sín síbẹ̀ ni?"

Mo sáré dé ìdí ike. Mẹ́fà. Mo wò ó lápá ọ̀tún, mo wò ó lápá òsì, mo dojú dé mo fi wò ó láàárín ẹsẹ̀ mi. Mẹ́fà náà ni. Kí Ọ̀yọ́ wá fi òjò lù wá lójú ayé mi? Mo fi eyín já àpò píọ̀wọ́tà, mo da ìdajì rẹ̀ sínú ike. Ó di méjìdínlógójì. Mo fi ránṣẹ́. Mo jó yí oko ká débi pé àwọn adìyẹ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi.

Mi ò mọ̀ pé Tómisìn ń ro iye yẹn pọ̀ mọ́ ti àwọn òjò tó ṣáájú. Bó ṣe rò ó, ó pé. Ó wá fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ Ìkòyí: "Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ilẹ̀ ti mu omi tó. Ẹ lè máa gbin àgbàdo."

Àwọn ọkùnrin fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní àwọn ò lè gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ìyá Ismaheel nìkan ló gbà á gbọ́. Opó ni, Marufat lorúkọ rẹ̀, oko rẹ̀ àti tèmi pààlà. Ó gbé ìdajì irúgbìn rẹ̀ jáde. Mo dúró lójú ààlà, mò ń wò ó bó ṣe ń gbìn ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ismaheel!"

"Gbádé, òjò méjìdínlógójì! Ó dà bíi pé tèmi ò tó bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀dọ̀ tèmi ló ti rọ̀ jù," ni mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kọjá, ẹ̀kán òjò kan ò já bọ́. Oòrùn mú débi pé alángbá ń bẹ òjìji ara rẹ̀ kó sún fún òun. Àgbàdo Ìyá Ismaheel yọ ewé méjì, ewé ká bí ẹní, ó gbẹ. Nígbà tí Tómisìn wá sóko, ìyá náà ti hú wọn sínú abọ́ dè é.

"Ọmọ ilé ìwé, wá wò ó. Ìdajì ló kù nílé. Bí ìyẹn náà bá kú, mi ò ní nǹkan tí màá gbìn lọ́dún yìí."

Tómisìn kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà." Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Gbádé, ẹ bá mi wò ó. Ibo ni mo ti ṣì í rò?"

Àwàdà bíi mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu mi. Gbogbo wọn dà bí iyanrìn.

"Mẹ́fà ni," ni mo wí.

"Mẹ́fà wo?"

"Òjò yẹn. Mo da píọ̀wọ́tà kún un. Akínkúnmi ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìyá Ismaheel ò ṣépè. "O sì dúró níbẹ̀," ló wí, "o kí mi kú iṣẹ́."

Tómisìn pè mí sábẹ́ igi kajú, a jókòó. Ó ní afẹ́fẹ́ méjì ló ń ti ara wọn lórí wa. Ọ̀kan ń bọ̀ láti òkun, ó ru omi. Èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ lókè Hausa, ó gbẹ. Lóṣù kẹta, ti òkun á wọlé díẹ̀, ti aṣálẹ̀ á tún tì í jáde, ìdí nìyẹn tí òjò kan péré kì í fi í ṣe ìgbà òjò. "Èyí tó ṣẹlẹ̀ lónìí ni ojú ọjọ́. Àmọ́ ká tó mọ ìṣe ilẹ̀ kan, a ní láti kà á fún bí ọgbọ̀n ọdún. Bọ̀ọ̀dá, ohun tí Ìkòyí ń ṣe ni mo ní kí ẹ kà. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe lẹ fún mi."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ká ní ẹnì kan ti ń ka ẹnu tèmi láti ọgbọ̀n ọdún wá, kí ni ì bá kọ sílẹ̀?

Lọ́jọ́ kẹta, òjò dé pẹ̀lú àrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ismaheel ti dé ìdí ike ṣáájú mi, ó gbé irúgbìn tó kù sínú abọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

"Kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, ọkàn mi ń fẹ́ kó jẹ́ àádọ́ta. "Mọ́kànlá. Kò tíì tó, mà."

"Ṣé bó o ṣe rí i nìyẹn?"

"Ẹ wò ó fúnra yín."

Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ nǹkan án kà. Ó fi èékánná ọwọ́ rẹ̀ gun àwọn ìlà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sórí. "Lọ́la," ló wí, "èmi ni màá kọ́kọ́ kà á."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láràárọ̀: á kà á, á gbé abọ́ padà sílé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òjò rọ̀ mọ́jú, ó kà á, ó tún un kà, ó rí i pé ó ti tó, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó ki ọkọ́ bọlẹ̀. Mo lọ mú ọkọ́ tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì oko rẹ̀.